Ọ̀run Dúdú ní Ọ̀sán: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwòrán Àpáta Half Dome

Ìbéèrè: Nínú àwòrán dúdú àti funfun tí Ansel Adams, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà yà ní Yosemite, ní ìpínlẹ̀ California, tí ó pè ní "Monolith, the Face of Half Dome", oòrùn ń ràn sí ara àpáta ńlá kan, yìnyín tí ó wà níbẹ̀ funfun báláú, síbẹ̀ ojú ọ̀run dúdú kirikiri. Ṣé òru ni ó yà á ni, àbí òjò ni ó ṣú?

Ìdáhùn: Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀sán ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1927 ni, nígbà tí Adams jẹ́ ọmọ ọdún 25, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Bí òjò bá ṣú, yìnyín kì í tàn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ó wá sọ ọ̀run di dúdú?

Ìdáhùn: Gíláàsì pupa ni. Adams àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gun òkè títí, ó sì ku àwo gíláàsì méjì péré, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò bíi fíìmù láyé ìgbà náà. Gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè ni ó fi bo ojú lẹ́ǹsì nígbà tí ó ya àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé ọ̀run inú rẹ̀ yóò kàn rí bí eérú ni, àti pé kò ní gbé bí àpáta náà ṣe rí lára òun yọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí pupa tí ó jinlẹ̀, ó sì ya èkejì. Gíláàsì pupa kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Bí ó sì ti jẹ́ pé búlúù ni ó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó dé ara fíìmù láti ibẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò sì dé ni ó máa ń dúdú nígbà tí a bá tẹ àwòrán sórí ìwé. Yìnyín ní tirẹ̀ ń dá gbogbo àwọ̀ padà, pupa pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí funfun rẹ̀ kò fi dín. Àwọn ibi tí òjìji bò tún ṣókùnkùn sí i, nítorí pé láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ní.

Ìbéèrè: Ṣé àwòrán náà kò wá purọ́ báyìí?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, kò purọ́. Fíìmù tí kò ní àwọ̀ gbọ́dọ̀ sọ búlúù di nǹkan mìíràn dandan, ìbáà ṣe eérú tàbí dúdú. Àwa tí a ń pe aṣọ tí aró mu dáadáa ní dúdú kò tilẹ̀ yẹ kí á bá Adams jà.

Ìbéèrè: Ẹnìkan rí ẹ̀rù nínú rẹ̀, ẹlòmíràn rí ìbànújẹ́. Ta ni kí á gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọ̀run inú àwòrán náà, kí ẹ sì tún un wò. Ohun tí ó kù ni àpáta tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú òtútù, kò sì bani lẹ́rù rárá. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, dúdú náà yóò ti àpáta síwájú, bí ẹni pé ó fẹ́ wó lu ẹni tí ń wò ó. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé òun rí ẹ̀rù ní ibi tí ó lè tọ́ka sí. Ní ti ìbànújẹ́, èmi kò rí ibi tí ó wà, nítorí yìnyín yẹn mọ́lẹ̀ jù fún un.