Bí katakata kékeré tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú ṣe ń dúró, àti ohun tó ń gbé e ṣubú

Láti Kabba dé Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi, katakata kékeré tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú ti ń wọ oko àwọn èèyàn wa, ó ń kó yanrìn, ó ń ti kùkùté, ó ń gbé àpò káṣú sínú típà, ó wúlò gan-an ni. Àmọ́ ibi tí ìwúwo ẹ̀ bá wà ni gbogbo ewu ẹ̀ ti ń wá, téèyàn bá ti mọ bí ìwúwo yẹn ṣe ń rìn, èyí tó kù á yé e.

Táyà mẹ́rin ló ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ló dúró lé. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì so mọ́ ara ẹ̀ gbọin, ti iwájú ńkọ́, orí píìnì kan ṣoṣo tó wà láàárín ni irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ rọ̀ mọ́, kó lè máa yí sọ́tùn-ún sósì tí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ ni, tí ìkòkò bá ṣáà ti wà láàárín. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà nílẹ̀, ìwúwo katakata wà láàárín, nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá wá kó òkúta sí i tí wọ́n gbé e sókè, ìwúwo á gun òkè, á tún sún síwájú sọ́dọ̀ píìnì yẹn, níbi tí ìdúró ẹ̀ ti rí tín-ín-rín, kí táyà ẹ̀yìn kan ṣáà gun ebè lásán, ó ti tó láti gbé e ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹrù rìn nílẹ̀ nílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ típà kí wọ́n tó gbé e sókè, tí wọ́n bá sì fẹ́ yí kọ́nà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sì ń tan èèyàn jẹ o. Iyẹ̀pẹ̀ tútù tó kún àyè mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì, ìdá mẹ́rin ẹ̀ péré ti ń sún mọ́ 500 kg, bẹ́ẹ̀ lójú, ó kéré.

Tí iwájú bá wúwo báyìí, ẹ̀yìn á fúyẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rántí pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni búréèkì wà lára púpọ̀ nínú àwọn katakata kékeré yìí. Ẹ ronú ẹ̀ wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ àpáta Ògìdì, wọ́n tẹ búréèkì, táyà ẹ̀yìn tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́ á kàn máa yọ̀ lọ. Nítorí náà ẹrù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn kí wọ́n tó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ háàrò tó wúwo, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń fọ́ ilẹ̀ oko, tàbí àpótí irin tí wọ́n da kọnkéré sí, wọ́n sì lè rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn. Tí ẹrù bá wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, iwájú ni wọ́n fi ń gun òkè, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sọ̀, kí ibi tó wúwo máa kọjú sókè nígbà gbogbo, kí wọ́n sì fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí jíà kí iwájú lè bá ẹ̀yìn dì í mú. Wọn kì í gba ìdábùú òkè kọjá, kò sí àwáwí kankan níbẹ̀.

Irin gíga tó dúró lẹ́yìn síìtì, tó ń dáàbò bo awakọ̀ tí katakata bá dojú dé, òun àti bẹ́líìtì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Nínú oko káṣú, ẹ̀ka máa ń wálẹ̀, wọ́n á dá irin yẹn dùbúlẹ̀ kí wọ́n lè ráyè kọjá, ìgbà yẹn nìkan ni wọn ò gbọ́dọ̀ de bẹ́líìtì. Gbàrà tí wọ́n bá jáde lábẹ́ igi, kí wọ́n na irin náà sókè padà kí wọ́n sì de bẹ́líìtì, jọ̀ọ́.

Ní ti kùkùté, tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣéènì fà á, irin ìfàrù tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń so ó mọ́. Tó bá jẹ́ òkè ibẹ̀ ni wọ́n so ó sí, iwájú katakata á gbéra, á sì dojú dé sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹsẹ̀ ò lè dé orí kúlọ́ọ̀ṣì kó tó ṣẹlẹ̀.

Èyí tó ń dunni jù ni ti ọ́ìlì háídróólíkì, ìyẹn ọ́ìlì tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, torí kì í jọ ewu. Agbára tó fi ń gba inú hóòsì kọjá lè ju 2,000 psi lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ìlì ṣe ń tì tó), táyà mọ́tò ò ju 30 psi àti díẹ̀ lọ. Tí hóòsì bá lu bí ojú abẹ́rẹ́, ọ́ìlì yẹn á gún awọ wọlé, ojú ẹ̀ á dà bíi pé ẹ̀gún gún èèyàn, kì í tètè dùn, ẹran ara á sì máa kú lábẹ́. Páálí ni wọ́n ń fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ọwọ́. Tó bá ti gún èèyàn, kò sí ti àgbo, kò sí ti ká sùn mọ́ ọn, ọsibítù tí dókítà oníṣẹ́ abẹ wà ni lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n sì sọ fún un pé ọ́ìlì ló wọlé, torí ọwọ́ onítọ̀hún lè lọ sí i.

Ọ́ìlì yìí kan náà ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró, hóòsì bẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ẹ̀. Kí awakọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì, á mi ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí bọ́kẹ́ẹ̀tì síwá sẹ́yìn kí agbára inú hóòsì lè jáde, á sì yọ kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó máa ń gun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ká máńgòrò, kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, tí ọwọ́ awakọ̀ bá ṣèèṣì kan ọ̀pá yẹn, iwájú táyà ni wọ́n máa já sí. Àkàbà wà.