Kí ni Blu-ray, kí ló sì fi ju DVD lọ?

Nígbà tí màmá wa pé ẹni àádọ́rin ọdún, gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè la ti ṣe ìnáwó. Léèsì tí wọ́n wọ̀ ní òdòdó wẹ́wẹ́ lára, ó sì wọ̀ wọ́n gan-an. Oníkámẹ́rà fi hàn mí lójú kámẹ́rà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lè ka òdòdó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kó DVD wá. A fi í sínú ẹ̀rọ, ni léèsì bá di aṣọ funfun lásán. Mo pè é. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí DVD ṣe máa ń rí nìyẹn o.” Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ fún wa kó tó di pé ó nu ohun tó wà lórí mẹ́mórì kámẹ́rà rẹ̀ kúrò. Blu-ray ló yẹ ká ti ní kó bá wa ṣe.

Àwo ni Blu-ray, bíi síìdì àti DVD. Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ọgbọọgba ni wọ́n: sẹ̀ǹtímítà 12 ní fífẹ̀, mìlímítà 1.2 ní nínípọn. Síbẹ̀, síìdì gba 700 MB, DVD onípele kan gba 4.7 GB, Blu-ray onípele kan sì gba 25 GB. Èyí tó ní ìpele méjì gba 50 GB. Níbo ni àyè yẹn ti wá?

Ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Kòtò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ló wà nínú àwo, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí ilà kan ṣoṣo tó ń yí po láti àárín títí dé etí, bí ẹní tí a ká tí a wá ń wò láti ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ lẹ́sà ló ń ka kòtò wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìrẹsì ní Dáléko kò ṣeé fi rán léèsì. Ihò rẹ̀ á ti tóbi jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ rí: bí ìgbì rẹ̀ bá ṣe kúrú tó ni kòtò tó lè kà ṣe ń kéré tó. Ìgbì lẹ́sà síìdì gùn tó nánómítà 780 (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), ojú èèyàn kì í rí i. Ti DVD jẹ́ 650, pupa ni. Ti Blu-ray jẹ́ 405, àwọ̀ aró tó ń fà sí elésè àlùkò, ibẹ̀ ni “Blu” inú orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹ wo rúlà ọmọ iléèwé: láàárín mìlímítà kan péré, ilà síìdì tó 625, ti DVD tó 1,350, ti Blu-ray tó 3,125.

Ìmọ́lẹ̀ aró yẹn ò rọrùn láti rí. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi wá a. Shuji Nakamura tí wọ́n bí ní Japan wà lára àwọn tó ṣe é yọrí, òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014 nítorí iná LED aláwọ̀ aró. Ọdún 2006 ni Blu-ray délé àwọn èèyàn. HD DVD, irú àwo mìíràn tí Toshiba ń ṣe, bá a du ọjà, àmọ́ Toshiba pa HD DVD yẹn tì ní 2008.

Ẹni tó bá ti ra fíìmù ní Ìdúmọ̀tà láyé VCD á rántí “apá kìíní” àti “apá kejì”. Ó ní ìdí: àwo VCD kan kì í gbà ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwòrán rẹ̀ ò sì ju àmì 352 lọ́nà 288, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán. DVD tiwa níbí jẹ́ 720 lọ́nà 576. Blu-ray jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, ìlọ́po márùn-ún ti DVD. Inú ìyàtọ̀ yẹn ni òdòdó léèsì sọnù sí.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ DVD ò lè ka Blu-ray o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ Blu-ray máa ń ka DVD. Tẹlifíṣọ̀n yín náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti HD, kí ẹ tó lè rí ìyàtọ̀ náà. Bí ẹbí bá sì fẹ́ fi fíìmù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kí wọ́n wo lẹ́tà ẹ̀yìn páálí rẹ̀: A ni tiwọn, B ni ti Áfíríkà àti Yúróòpù, ẹ̀rọ B kì í sì í ka àwo tí wọ́n tì mọ́ A.

Àwo òfìfo ti ń wọ́n báyìí. Sony ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀ ní oṣù kejì 2025. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó oníkámẹ́rà tán, ẹ gba fídíò tó yà gan-an sórí hard drive, ẹ̀dà méjì, yálà ó fún yín ní Blu-ray tàbí kò fún yín.

Mo béèrè bóyá wọ́n lè kó DVD màmá sórí Blu-ray kí òdòdó yẹn lè padà yọ. Kò ṣeé ṣe. Àwo ńlá á gba fídíò náà, àmọ́ ohun tí DVD ti gé dànù ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Léèsì náà ṣì wà nínú àpótí wọn. Bí mo bá fẹ́ rí òdòdó rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ.