Níbo Ni Àtúnṣe Fọ́tò Ń Gbé? Bí A Ṣe Ń Yan Ètò Iṣẹ́ fún Àwòrán Inú Kọ̀ǹpútà

Ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo lè fi fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ nínú káàdì kámẹ́rà. Yíya wọ́n kọ́ ló ń gba àkókò jù, bí kò ṣe ohun tó ń tẹ̀ lé e: ṣíṣà wọ́n, sísọ wọ́n lórúkọ, títún àwọ̀ wọn ṣe, fífi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà, àti wíwá ọ̀kan ṣoṣo jáde nínú wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí ìyá ìyàwó bá ní òun fẹ́ èyí tí òun àti ẹ̀gbọ́n òun jọ yà. Áàpù tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí pọ̀, àríyànjiyàn lórí èyí tó dára jù kò sì tán rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ya àwọn ètò náà sọ́tọ̀ sí ara wọn ju gbogbo ìyókù lọ: níbo ni àtúnṣe tí a ṣe ń wà lẹ́yìn tí a bá pa kọ̀ǹpútà?

Irú fáìlì tí kámẹ́rà ń kọ ló kọ́kọ́ ń pinnu ìdáhùn. JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, ti jinná tán kí ó tó kúrò nínú kámẹ́rà: kámẹ́rà ti yan àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì ti da ohun tó rò pé ojú kò ní rí nù. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ló wà nínú rẹ̀ fún pupa, fún àwọ̀ ewé àti fún búlúù. RAW, irú fáìlì kejì, ń tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí gan-an, ìpele rẹ̀ sì jẹ́ 4,096 bí ó bá jẹ́ bíìtì 12 (bíìtì ni ìwọ̀n bí àkọsílẹ̀ kámẹ́rà ṣe kún tó), tàbí 16,384 bí ó bá jẹ́ bíìtì 14. Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn nígbà tí iná aláwọ̀ àlùkò inú gbọ̀ngàn bá ba àwọ̀ aṣọ ẹbí jẹ́, tàbí nígbà tí ẹni tó dúdú bá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Àwọn ayafọ́tò tó ń tẹ fọ́tò lójú agbo, tí wọ́n ń gbé e wá sídìí tábìlì kí àlejò tó jẹun tán, kò nílò RAW rárá; kò sí àkókò fún un.

Áàpù kì í sábà kọ àtúnṣe sínú RAW fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni ó ń kọ síbòmíràn, pé kí a fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, kí a gé apá òsì kúrò. Ibi tí ó ń kọ àṣẹ wọ̀nyí sí ni ọ̀nà ti pín.

Lightroom, tí Adobe gbé jáde ní ọdún 2007, tó sì ń jẹ́ Lightroom Classic báyìí, ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ń pè ní catalog. Àǹfààní rẹ̀ ni wíwá nǹkan: ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ bí “ìyàwó” tàbí “ìsọmọlórúkọ” sára àwọn fọ́tò rẹ̀ lè wá ọdún mẹ́wàá já ní ìṣẹ́jú kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé yìí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé fọ́dà láti ibì kan sí ibòmíràn láìgba inú Lightroom kọjá, áàpù náà á sọ pé òun kò rí fọ́tò mọ́. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ̀wé lọ́wọ́, ìwé náà lè bàjẹ́, fọ́tò á kù ṣùgbọ́n àtúnṣe á ti lọ. Lightroom máa ń ṣe ẹ̀dà catalog pamọ́, èyí sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí kò sí fọ́tò kankan nínú ẹ̀dà náà.

Ọ̀nà kejì ni ti Bridge, áàpù Adobe mìíràn tó ti wà láti ọdún 2005, tó ń ṣí fọ́dà bí ó ṣe wà láìsí catalog. Àtúnṣe RAW ń wà nínú fáìlì XMP kékeré tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú fọ́tò, tó sì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́dà. Darktable, tí a kì í sanwó fún, ń kọ XMP bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá da fọ́dà kọ lọ sórí dísìkì mìíràn, àtúnṣe ti bá a lọ nìyẹn. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé gbogbo áàpù ló gbọ́ èdè ara wọn: iye ìràwọ̀ tí a fi ń sọ bí fọ́tò ṣe dára tó, ọ̀rọ̀ ìwákiri àti àkọlé ni wọ́n sábà máa ń kà lára ara wọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe àwọ̀ tí a ṣe nínú darktable kò ní hàn nínú Lightroom.

Ìdí tí ibi ìpamọ́ yìí fi ṣe pàtàkì ju ẹwà áàpù lọ ni pé áàpù ń kú. Apple gbé Aperture, áàpù àtúnṣe fọ́tò tirẹ̀, jáde ní 2005, ó kéde ní 2014 pé òun kò ní tẹ̀síwájú pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí macOS Catalina, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple, sì dé ní 2019, Aperture kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó kó lọ sí Lightroom rí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìwákiri wọn kó lọ, ṣùgbọ́n àtúnṣe àwọ̀ kò bá wọn débẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n lè tún yí padà. Google pa Picasa, áàpù fọ́tò tirẹ̀, tì ní 2016. Lightroom fúnra rẹ̀ ti di ohun tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Bí owó bá dá, Lightroom Classic ṣì ń ṣí, a sì lè kó fọ́tò jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí a ti ń ṣe àtúnṣe á tì pa.

Orúkọ fáìlì kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń ka nọ́ńbà dé 9999, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 0001, nítorí náà fọ́tò méjì á jẹ́ orúkọ kan náà láìpẹ́ láìjìnnà. Kí ọdún ṣáájú oṣù, kí oṣù ṣáájú ọjọ́, bíi 2024-11-16, kọ̀ǹpútà á sì to wọ́n bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀. Bí kámẹ́rà méjì bá wà lóde kan náà, kí a ti mú aago wọn bára mu kí a tó jáde nílé.

Ní ti ìpamọ́, ìlànà tí àwọn ayafọ́tò ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Dísìkì méjì nínú báàgì kan náà kò yàtọ̀ sí ẹyọ kan lójú olè. Ẹgbẹ̀rún RAW tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 MB yóò tó 30 GB, ìyẹn ìlọ́po méjì 15 GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, dátà tí yóò sì gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó kékeré. Ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó wà nírú ipò yìí ni kí RAW wà lórí dísìkì méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà nílé ẹlòmíràn, kí JPEG tí a ti parí nìkan sì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í pa ohun inú káàdì rẹ́ kí èyí tó parí.

Ẹni tó ń ya fọ́tò díẹ̀ tó sì ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kò nílò catalog. Fọ́dà àti Bridge tó o. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni catalog ń ràn lọ́wọ́, kò sì pọn dandan kó sọ XMP nù nítorí rẹ̀, torí pé ààyè kan wà nínú ètò catalog ti Lightroom Classic tí a lè fi pàṣẹ pé kí ó máa kọ gbogbo àtúnṣe sínú XMP pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń wọlé síbẹ̀ ṣá: àkójọ tí a ṣe nínú áàpù kì í wọ XMP, àsíá tí a fi ń ṣà fọ́tò kì í sì í wọ̀ ọ́ nínú Lightroom Classic àtijọ́. Ìràwọ̀ ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìràwọ̀ ni kí a fi máa ṣà wọ́n.