Bí Wíwo Ìnàkí Ṣe Di Iṣẹ́ Ajé ní Òkè Virunga

Àlejò ilẹ̀ òkèèrè tó bá fẹ́ rí ìnàkí orí òkè ní Rùwáńdà yóò ra ìwé àṣẹ tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,500 dọ́là, yóò dé Kinigi, ibi tí àwọn àlejò ti ń péjọ kí wọ́n tó gòkè, ní kùtùkùtù, wọn yóò sì pín in mọ́ ìkọ̀ ènìyàn mẹ́jọ tí kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ lọ́dọ̀ agbo ìnàkí kan ṣoṣo. Owó náà pọ̀, òfin ibẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣàdédé wáyé nínú méjèèjì. Ọ̀ràn ilẹ̀ ló bí wọn: ta ni yóò jogún igbó orí òkè Virunga tí àwọn ìnàkí náà ń gbé, ṣé ìnàkí ni àbí màlúù?

Ìbọn ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi pàdé àwọn ẹranko wọ̀nyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902, Robert von Beringe, ọ̀gá ológun Jámánì kan, ń gun Sabyinyo, ọ̀kan lára àwọn òkè Virunga, nígbà tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e rí agbo ìnàkí ńláńlá, tí wọ́n sì yìnbọn pa méjì. Òkú ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbé. Wọ́n fi egungun rẹ̀ ránṣẹ́ sí Berlin, níbi tí Paul Matschie ti kéde ní 1903 pé irú ẹranko tuntun ni, tó sì fi orúkọ ọ̀gá ológun náà pè é. Àwọn Batwa, tí wọ́n ti ń ṣọdẹ nínú igbó yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá láti Berlin kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹranko náà wà.

Ní 1921, Carl Akeley wá láti Amẹ́ríkà láti pa ìnàkí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ó pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rí yí ọkàn rẹ̀ padà, ó sì rọ Albert ọba Bẹ́ljíọ̀mù kí ó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dá igbó ọba Albert sílẹ̀ ní 1925, tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ìhà Rùwáńdà ní 1929. Akeley fúnra rẹ̀ kú sí ibẹ̀ ní 1926, ẹ̀gbẹ́ òkè Mikeno ni wọ́n sì sin ín sí. Lẹ́yìn òmìnira, igbó kan náà pín sí méjì: ti Kóńgò di Virunga, ti Rùwáńdà sì di Volcanoes, lórí àwọn òkè oníná tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ibirunga.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í dá oko dúró. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìjọba Rùwáńdà gé nǹkan bí 10,000 hẹ́kítà kúrò lára igbó ọba náà kí àwọn àgbẹ̀ lè gbin pyrethrum, òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe oògùn apakòkòrò. Àárín àkókò yẹn ni Dian Fossey, obìnrin Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìnàkí, pàgọ́ Karisoke sáàárín òkè Karisimbi àti Bisoke, ní oṣù kẹsàn-án 1967. Àwọn adẹ̀tàkúté pa Digit, ìnàkí tí Fossey fẹ́ràn jù lọ, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1977, ìròyìn náà sì kàn káàkiri ayé.

Ibi tí ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ní 1978, tọkọtaya Amẹ́ríkà kan, Bill Weber àti Amy Vedder, dé Karisoke, wọ́n sì gbọ́ pé ètò mìíràn ń bọ̀: ìjọba fẹ́ tún gé 5,000 hẹ́kítà fún ọ̀sìn màlúù. Bí wọ́n bá kàn sọ fún ìjọba pé ìnàkí ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò ní wọ̀ létí, nítorí orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ oko há mọ́ ni Rùwáńdà. Wọ́n ní kí ìjọba jẹ́ kí àlejò sanwó láti wo ìnàkí, kí wọ́n wá fi owó náà wé èrè màlúù. Fossey kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ìyọnu lásán ni àlejò jẹ́ fún ẹranko, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ igbó ló sì tọ́ kí a náwó lé lórí. Èmi kò rò pé ó ṣìnà pátápátá, nítorí àìsàn ènìyàn ṣì ń ba àwọn olùtọ́jú ìnàkí lẹ́rù di òní. Síbẹ̀, àbá àwọn méjì yẹn ni ìjọba gbà, ètò ìbẹ̀wò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1979.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù ni kí ojú ìnàkí mọ́ ènìyàn. Ojoojúmọ́ ni àwọn atọpasẹ̀ máa ń wá agbo kan náà rí láti orí ibi tó sùn mọ́jú. Wọn yóò jókòó jìnnà díẹ̀, wọn yóò rẹ ara wọn sílẹ̀, wọn yóò máa ja ewé bí ẹni ń jẹun, wọn yóò sì máa hú láti inú ọ̀fun bí ìnàkí ṣe ń ṣe nígbà tí ara bá tù ú. Bí akọ àgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun bá sáré bọ̀ wá, tó ń lu àyà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá. Ńṣe ni wọn yóò doríkodò títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ó lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí agbo kan tó gbà. Nítorí èyí ni àlejò kò ṣe gbọdọ̀ pọ̀, tí ẹni tí òtútù ń mú kò sì gbọdọ̀ gòkè, nítorí ikọ́ ènìyàn lásán lè pa ìnàkí.

Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 àti ìpakúpa ọdún 1994 da gbogbo rẹ̀ rú. 1999 ni ìbẹ̀wò tó padà sójú ọ̀nà. Ùgáńdà ti mú ètò kan náà lò ní igbó Bwindi láti 1993, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn Batwa kúrò nínú igbó náà nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di igbó ọba ní 1991. Kò yẹ kí ẹni tó ń ka owó àlejò gbàgbé ìyẹn.

Ní 2005 ni Rùwáńdà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún àwọn ará àdúgbò, ọdún náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe Kwita Izina ní gbangba, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń sọ àwọn ọmọ ìnàkí lórúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn lórúkọ nílẹ̀ náà. Ní 2017, wọ́n sọ owó ìwé àṣẹ di ìlọ́po méjì, ìpín àwọn ará àdúgbò sì di ìdá mẹ́wàá. Nǹkan bí 250 ìnàkí ló kù ní òkè Virunga ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ka 604 ní 2016. Ilẹ̀ ti ń há mọ́ wọn báyìí, àwọn agbo sì ń kọlu ara wọn tí wọ́n ń pa ọmọ ara wọn, ìyẹn ni ìjọba ṣe ń ṣètò láti ra oko padà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó múlé gbe igbó ọba náà, kí ó sì kọ́ ilé mìíràn fún wọn.