Bí Àjákù Ìwé Kíká Heberu Ṣe Di Ohun Tí Wọ́n Ń Dù Lọ́jà

Bí kò bá jẹ́ pé àwọn Júù kì í da ìwé mímọ́ nù, àjákù wo ni ẹnikẹ́ni ì bá rí kó jọ? Awọ ẹran tó mọ́ ni akọ̀wé fi ń kọ Òfin Mose: ó ń fi iṣan ẹran rán awọ kan mọ́ òmíràn, ó sì ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà 304,805 sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá parẹ́, wọn kò ní kà á nínú ìsìn mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Èyí tó bá sì ti gbó kọjá àtúnṣe, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí ààtàn, nítorí orúkọ Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń sin ín bí ẹni ń sin òkú àgbà, tàbí kí wọ́n kó o sí yàrá kan tí wọ́n ń pè ní genizah, kí ó máa retí ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀.

Ní sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, ìlú àtijọ́ tó ti di ara Káírò, wọ́n kó ìwé sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Kò ní ilẹ̀kùn. Ihò kan ló wà lókè ara ògiri, àkàbà ni wọ́n fi ń gun dé ibẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti ń rí àjákù tà, tí àwọn ìbejì ará Scotland kan, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, fi ra díẹ̀ ní 1896. Nígbà tí wọ́n fi han Solomon Schechter, ọ̀mọ̀wé Júù kan ní Yunifásítì Cambridge ní England, ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ojú ewé ìwé Sirach, ìwé ọgbọ́n àtijọ́ kan, ní èdè Heberu, èyí tó ti sọnù láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tó jẹ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ayé ń kà. Oṣù Kejìlá ọdún náà kò tán tí Schechter fi gbéra lọ sí Káírò. Olórí àwọn rábì yọ̀ǹda fún un, ó wọ inú ihò náà, eruku ibẹ̀ sì dá ikọ́ sí i lára. Àkójọ tó kó lọ sí Cambridge lé ní 190,000 ègé. Kì í kúkú ṣe ìwé mímọ́ nìkan, nítorí àdéhùn ìgbéyàwó àti ìwé òwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Owó ńlá ti wọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1883, Moses Shapira, oníṣòwò kan ní Jerúsálẹ́mù, gbé ègé awọ dúdú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ìwé Deutaronomi àtayébáyé ni, ó sì bèèrè £1,000,000. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ayédèrú ni, Shapira pa ara rẹ̀ ní Rotterdam lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ègé náà sì dàwátì, ìdí nìyẹn tí àwọn kan ṣì fi ń jiyàn lé e.

Ní 1947, àwọn darandaran Bedouin, ìyẹn àwọn Lárúbáwá inú aginjù, rí ìwé kíká nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú. Kando, aṣebàtà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ni wọ́n gbé e lọ bá; ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ awọ ni wọ́n gbé awọ lọ bá. Nígbà tó yá, ìjọba Jọ́dánì ń san dínárì kan lórí awọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Ní oṣù Kẹfà 1954, wọ́n polówó ìwé kíká mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal, $250,000 ni wọ́n sì tà wọ́n.

Láti nǹkan bí 2002, ègé tuntun tí wọ́n ní ó wá láti inú àwọn ìwé kíká Òkun Òkú tún ń yọjú lọ́jà, àwọn olówó Amẹ́ríkà sì ń rà á. Ní 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ayédèrú ni gbogbo ègé 16 tí Museum of the Bible, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Washington, ní. Awọ náà gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, tàdáwà ti ṣàn wọ inú ibi tí awọ ti sán, ó sì ti ṣàn gba etí ibi tó ti ya: awọ náà ti sán, ó ti ya, kí ẹnikẹ́ni tó fi kálàmù kàn án.