Kí ni wọ́n ń pè ní "omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún"?

Ní ọjọ́ Sunday, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò kan rọ̀ sí Ìbàdàn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tó nǹkan bíi mìlímítà 274. Odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀, ó wọ ilé, ó wọ ọjà, ó wó afárá, ó gbé mọ́tò lọ, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 200. Títí di òní, bí àgbàlagbà Ìbàdàn kan bá ní ṣáájú Ògùnpa ni wọ́n bí òun, kò sẹ́ni tó ń bi í pé èwo ni Ògùnpa.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Ní ọjọ́ Friday, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn ya lu ìlú náà: mìlímítà 187.5 láàárín wákàtí díẹ̀. Omi gorí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kọjá. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wó lọ, àwọn tó ń gbé ní òdìkejì kò rọ́nà wọ ìgboro mọ́. Ní Ìfásitì Ìbàdàn, omi wọ ọgbà ẹranko, ó sì gbá ẹja lọ nínú àwọn adágún tí wọ́n ti ń sìn wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì bọ́ sí, nígbà tí òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí kálukú ń ráyè sá aṣọ. Ìsinmi yẹn kì í ṣe àdéhùn.

Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, ẹ óò gbọ́ lórí rédíò pé "omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún" ni. Ẹni tó gbọ́ ọ á mí kanlẹ̀: ó tún di ọgọ́rùn-ún ọdún, a ò ní sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ sọ.

Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kò kan kàlẹ́ńdà rárá. Wọ́n ń sọ pé omi tó ga tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọ̀nà 1 nínú 100 láti dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún yìí, ọ̀nà 1 nínú 100. Bó bá dé lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀nà 1 nínú 100, nítorí ọdún kan kì í bá ìkejì sọ̀rọ̀. Ẹ wo dáìsì tí a fi ń ta lúdò: ojú mẹ́fà ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà kan nínú mẹ́fà láti jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti ta lúdò rí ló ti rí i kí mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀mejì léra, ó sì ti jókòó pẹ́ títí tí mẹ́fà kò fi yọjú, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ há sílé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ọ̀nà tí omi fi lè dé lọ́dún kan bá jẹ́ 1 nínú 100, ọ̀nà tí kò fi ní dé jẹ́ 99 nínú 100, ìyẹn 0.99. Kí omi má dé fún ọdún méjì, ẹ sọ 0.99 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.99. Fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ to 0.99 ọgbọ̀n jọ kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ óò rí 0.74. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ́lé síbi tí omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún ń dé, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ní ọ̀nà 26 nínú 100 láti rí omi nínú yàrá rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú mẹ́rin. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún gan-an, kò dáni lójú pé yóò wá: ọ̀nà 63 nínú 100 ni pé yóò wá, 37 ni pé kò ní wá rárá. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀nà 26 nínú 100 ló wà pé yóò wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà.

Èmi ò sọ pé ti 1980 tàbí ti 2011 jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín àjálù ńlá méjì kò tó ẹ̀rí láti sọ pé ìṣirò ti bàjẹ́.

Kí ẹ lè mọ bí òjò wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó: mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, lítà omi kan ni. Pápá bọ́ọ̀lù tó jẹ́ mítà 105 sí 68 gba lítà tó lé ní mílíọ̀nù 1.3 nínú òjò 2011, ìyẹn nǹkan bí ogójì tánkà tó ń gbé lítà 33,000. Pápá kan ṣoṣo nìyẹn, kì í ṣe Ìbàdàn. Ti 1980 sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú òjò tí Ìbàdàn ń rí lọ́dún, tó máa ń wà ní àyíká mìlímítà 1,250 sí 1,300, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbo wá ni wọ́n ti rí "ọgọ́rùn-ún ọdún" ọ̀hún? Wọn kì í dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n á wo àkọsílẹ̀ odò tàbí ti òjò, wọ́n á mú èyí tó ga jù lọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù. Bí àkọsílẹ̀ bá jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún, èyí tó wà lókè pátápátá ni wọ́n á fojú bù sí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ìṣirò na ìlà náà síwájú, dé ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn dé ẹgbẹ̀rún. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí lélẹ̀ ni Emil Gumbel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1891. Kó tó di ẹni tí àwọn ẹnjiníà omi mọ̀, iye àwọn tí wọ́n pa nítorí òṣèlú ní Jámánì ló kọ́kọ́ kà tó sì gbé jáde, wọ́n sì gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìfásitì Heidelberg ní 1932, ó sì kúrò ní Jámánì kí Hitler tó gba ìjọba. Ọkùnrin náà kò ní ìwà kí iye kan wà lójú rẹ̀ kó má sọ ọ́.

Jámánì kan náà ló fi àléébù ọ̀nà yìí hàn kedere jù. Ní òru 14 mọ́jú 15 oṣù Keje ọdún 2021, odò Ahr kún, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 130 ní àfonífojì rẹ̀ nìkan. Ní Altenahr, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò náà, ibi tí omi ga dé jù lọ nínú àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 2016, jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.7. Lọ́tẹ̀ yìí omi gbá ohun èlò ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi í sí nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Máàpù ewu tí ìjọba ń lò nígbà náà dá lé àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Bẹ́ẹ̀, odò yìí kan náà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 1804 àti ní 1910, ìwé sì wà tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò níbẹ̀ nígbà yẹn, wọn kò sì kà á mọ́ ọn. Tí wọ́n bá kà á ni, ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù ì bá jìnnà sí etí odò ju bó ṣe wà lọ.

Ohun kejì tó ń sọ iye náà di àlòkù ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìkànìyàn 1963 sọ pé ènìyàn 627,379 ló wà ní Ìbàdàn. Ti 2006 rí 1,338,659 ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín ìgboro nìkan. Ènìyàn tó pọ̀ sí i ló mú páànù pọ̀ sí i, kọ́ńkéré àti ọ̀dà títì pẹ̀lú. Ilẹ̀ tó ń fa omi mu tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí omi ń sáré kọjá, nítorí náà òjò kan náà á di àgbàrá tó pọ̀ jù, á sì dé odò kíá. Odò ọ̀hún alára ti há, nítorí a kọ́lé sí bèbè rẹ̀, a da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Ògùnpa, onílé ló lọ bá àgbàrá nílé. Omi tí wọ́n pè ní ti ọgọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ìlú kéré lè ti di ti ogún ọdún lónìí, láìjẹ́ pé òjò yí padà rárá.

Òjò náà sì ń yí padà. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 sí i nínú oru omi tó ń di òjò.

Ẹ tún rántí pé òjò ọgọ́rùn-ún ọdún àti omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún yàtọ̀ síra. Òjò ńlá lórí ilẹ̀ tó gbẹ lè má ṣe ohunkóhun. Òjò kékeré lórí ilẹ̀ tó ti mu omi yó, pẹ̀lú gọ́tà tí ọ̀rá àti ike ti dí, lè gbé ọmọ lọ.

Àwọn ẹnjiníà ń fi àwọn iye yìí ra ewu ni. Gọ́tà àdúgbò, wọ́n sábà máa ń ṣe é fún òjò ọdún méjì sí mẹ́wàá, nítorí owó. Afárá ńlá lè jẹ́ ti àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìsédò máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bó bá já, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ju òjò ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, gọ́tà tó kún lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún bíi mẹ́jọ lè má jẹ́ iṣẹ́ jìbìtì. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n sanwó fún gan-an. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe omíyalé Ìbàdàn, afárá àti ojú odò sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé: òjò ọdún mélòó lẹ ṣe é fún?

Ìbéèrè yẹn kan náà wúlò nídìí ilẹ̀ rírà. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ á ní, "Ogún ọdún rèé tí mo ti wà níbí, omi ò dé bí rí." Ó lè má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ 0.99 ogún di púpọ̀, ẹ óò rí 0.82: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá gbé fún ogún ọdún síbi tí omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún ń dé, bíi méjìlélọ́gọ́rin ló lè sọ ohun kan náà.