Owó Ni àbí Ẹ̀yà Ló Ń Ya Ìdílé Sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Bí ìdílé méjì ní Amẹ́ríkà kò bá tọ́mọ bákan náà, ṣé ẹ̀yà ló fà á ni, àbí owó?

Ìdáhùn: Ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí, nítorí òun ni ojú tètè ń rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Annette Lareau, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ jókòó ti ìdílé 12, funfun àti dúdú, tí wọ́n ní ọmọ bí ọdún 9 tàbí 10, ohun tó gbé jáde ní 2003 kò bá èrò yẹn mu. Nínú ilé àwọn tó kàwé tí wọ́n sì rí já jẹ, òbí a máa gbé ọmọ láti ibi ẹ̀kọ́ dùùrù lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, a máa bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀ dípò kó pàṣẹ, a sì máa kọ́ ọ bí yóò ṣe bi dókítà ní ìbéèrè fúnra rẹ̀. Nínú ilé òṣìṣẹ́ àti ti tálákà, àṣẹ kúkúrú ni òbí ń pa, ọmọ a sì máa bá àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe eré tó bá wù wọ́n. Lórí nǹkan wọ̀nyí, ìdílé dúdú tó rí já jẹ jọ ìdílé funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe jọ ìdílé dúdú tálákà lọ. Kì í ṣe pé ọ̀nà kejì burú o: Lareau rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sábà ráhùn, wọ́n sì sún mọ́ ẹbí dáadáa. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ kàn ń san èrè fún.

Ìbéèrè: Ẹ̀yà kò wá já mọ́ nǹkan kan ni?

Ìdáhùn: Ó já mọ́ nǹkan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Pew Research Center, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fún ọdún 2016, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó jẹ́ ìran Éṣíà, 29 ló ń gbé inú ilé tí ìran àgbàlagbà tó ju ọ̀kan lọ wà, bí òbí àti ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Ti àwọn Látìnì, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Latin America, jẹ́ 27, ti àwọn dúdú 26, ti àwọn funfun 16 péré. Àṣà wà níbẹ̀, kò ṣeé sẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wọ̀lú náà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni owó oṣù ìdílé dúdú àti ti funfun ṣe lè dọ́gba kí ìgbé ayé wọn má dọ́gba?

Ìdáhùn: Nítorí pé owó oṣù yàtọ̀ sí ọrọ̀. Ilé ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń kó ọrọ̀ wọn sí, bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan fi àwọ̀ pupa sàmì sí àdúgbò àwọn dúdú lórí àwòrán ìlú gẹ́gẹ́ bí ibi tó léwu láti yá lówó, báńkì kì í sì í fẹ́ yá wọn lówó ilé nígbà náà. Ọdún 1968 ni òfin tó ta ko irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ tó dé. Ẹni tí kò jogún nǹkan kan, tí ẹbí rẹ̀ tó kù sì ń retí rẹ̀, kò lè náwó bí ẹni tí òbí rẹ̀ ti là. Carol Stack, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, tó bá àwọn ìdílé dúdú tálákà gbé ní ìparí àwọn ọdún 1960, sọ ti tọkọtaya kan tí wọ́n jogún dọ́là 1,500, tí wọ́n sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó ọkọ̀ lọ wo ìbátan tó ń ṣàìsàn, owó ìsìnkú, owó ilé arábìnrin kan tí wọ́n fẹ́ lé jáde àti aṣọ òtútù àwọn ọmọ ti gbé e tán. Ẹ̀ka ìrànwọ́ ìjọba gbọ́ pé wọ́n jogún, ó sì dá owó tó ń san lórí àwọn ọmọ wọn dúró.